Ẹ̀rọ Orin Tó Gan Pa: Bí A Ṣe Ń Jí I

Ẹ̀rọ orin alágbèéká tó gan pa máa ń dẹ́rù bani ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ tẹ bọ́tìnnì, kò dáhùn. Ẹ fi okùn USB sí i, kò tan. Ojú rẹ̀ dúdú kirikiri, tàbí kí àmì ilé-iṣẹ́ tó ṣe é yọ, kó sì dúró gbagidi síbẹ̀. Bó bá wá jẹ́ pé ẹ ti gbé ètò mìíràn sínú rẹ̀ dípò èyí tó bá a wá láti ilé-iṣẹ́, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ẹ ó gbọ́ lẹ́nu ẹni tó wà nítòsí ni pé ẹ ti bà á jẹ́. Ọ̀rọ̀ náà kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Ètò tí a fọwọ́ ara wa gbé sínú ẹ̀rọ orin kì í tètè pa á. Ohun tó ń pa á ni bátìrì tó gbó àti háàdì dísíìkì tó ti rẹ̀. Nínú èyí tó kù, ẹ̀rọ kàn dákú ni, ẹni tó bá sì mọ ibi tí nǹkan dúró sí lè jí i láìtú ìdè kan.

Àpẹẹrẹ tí màá máa tọ́ka sí jù ni iPod ìran karùn-ún, èyí tí Apple gbé jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2005, tí ẹni tó ni ín wá fi ètò tí wọ́n ń pè ní Rockbox sí. Mo yàn án nítorí pé àwọn ènìyàn ṣì ń lò ó dòní. Wọ́n ń pààrọ̀ bátìrì rẹ̀, wọ́n ń fi mẹ́mórì káàdì rọ́pò dísíìkì rẹ̀, wọ́n sì ń gbé e kiri bí ẹni pé àná ni wọ́n rà á. Ẹni tó bá lóye bí òun ṣe ń jí kò ní ṣòro fún un láti lóye àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ọdún 2001 ni Rockbox bẹ̀rẹ̀, ní orílẹ̀-èdè Sweden. Björn Stenberg, Linus Nielsen Feltzing àti Daniel Stenberg ń lo ẹ̀rọ orin tí ilé-iṣẹ́ Archos ti ilẹ̀ Faransé ṣe, ètò inú rẹ̀ kò sì tẹ́ wọn lọ́rùn. Wọn ò jókòó máa dúró de ilé-iṣẹ́. Wọ́n yẹ inú ẹ̀rọ náà wò títí wọ́n fi mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì kọ ètò tiwọn láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, wọ́n ṣí kóòdù rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, àwọn mìíràn dara pọ̀, Rockbox sì dé inú ẹ̀rọ iRiver, iPod, àti Sansa tí SanDisk ń ṣe. Ní ti iPod, àwọn tó ti kọ́kọ́ ń gbìyànjú láti fi Linux sínú rẹ̀ ló la ọ̀nà.

Ìdí tí ènìyàn fi ń ṣe wàhálà yìí kò lópin. Rockbox ń kọ orin FLAC àti Ogg Vorbis, èyí tí ètò Apple inú iPod yẹn kò mọ̀ rárá. Kò ní kí ẹ gba ọ̀dọ̀ iTunes kọjá kí ẹ tó da orin sínú rẹ̀. Ẹ kàn máa kó fódà orin yín sí i bí ẹ ṣe ń kó o sínú fíláàṣì. Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni pé ó ń sọ̀rọ̀. Gbogbo ohun tó bá wà lójú ẹ̀rọ ni Rockbox lè kà jáde fún ẹni tí kò ríran, láti orí orúkọ orin dé orí iye iná tó kù nínú bátìrì. Nígbà tó ṣe èyí, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ń tà kò ka afọ́jú sí. Nítorí náà, nígbà tí irú ẹ̀rọ yìí bá gan, ohun tó pa lẹ́nu mọ́ lè ju orin lọ.

Ẹ jẹ́ ká wá tọpasẹ̀ bó ṣe ń jí, torí inú ibẹ̀ ni gbogbo ìwòsàn rẹ̀ wà. Ọwọ́ mẹ́rin ni iṣẹ́ náà ń gbà kọjá, bí ìgbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé kíkọ́ bá tò tí wọ́n ń ju búlọ́ọ̀kù síra wọn: ibi tí búlọ́ọ̀kù bá já bọ́ sí ló ń fi ẹni tí kò gbà á mú hàn. Ọwọ́ kìíní wà lórí bọ́ọ̀dù inú iPod fúnra rẹ̀, nínú ègé kékeré kan tí Apple kọ ètò sí. Kò sí lórí dísíìkì. Òun ló ń jí dísíìkì, tó ń wá ibi ìkọ̀kọ̀ kan lórí rẹ̀, tó sì ń gbé ohun tó bá bá níbẹ̀. Ibi ìkọ̀kọ̀ yẹn ni ọwọ́ kejì. Apple fi ètò tirẹ̀ síbẹ̀. Nígbà tí ẹ fi Rockbox sí iPod yín, a fi ètò kékeré kan kún un, tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń pè ní bootloader, a kò sì pa ti Apple rẹ́. Ètò kékeré yìí kò mọ orin kọ. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tó ní ni pé kó lọ síbi tí orin yín wà, kó ṣí fódà tó ń jẹ́ .rockbox, kó wá fáìlì kan nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ rockbox.ipod, kó yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó pé, kó wá gbé e sókè. Fáìlì yẹn ni ọwọ́ kẹta, òun gan-an ni Rockbox. Lẹ́yìn náà ni Rockbox á ka ètò tí ẹ ti yàn fún un, àwọ̀ àti lẹ́tà tó máa lò, àti àkójọ orúkọ orin yín. Ìyẹn ni ọwọ́ kẹrin.

Ẹ kíyè sí ohun tí èyí túmọ̀ sí. Bí ẹ bá ń gbé Rockbox tuntun sínú ẹ̀rọ yín, tí iná lọ ní àárín kan, fódà .rockbox ló sábà máa ń fara pa. Ọwọ́ kìíní àti ìkejì kò mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀. Fódà lásán sì ni fódà yẹn. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ bí a ṣe ń da fáìlì kọ lè tún un ṣe. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé ẹ̀rù tó ń ba ènìyàn kò bá ewu tó wà níbẹ̀ mu.

Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ wo bọ́tìnnì Hold tó wà lókè iPod náà. Bó bá wà ní títì, kò sí bọ́tìnnì mìíràn tí ẹ tẹ̀ tó máa dáhùn, àìmọye ènìyàn ló sì ti rò pé ẹ̀rọ wọn kú nígbà tó jẹ́ pé Hold ló tì. Ẹ tì í, kí ẹ sì tún ṣí i. Lẹ́yìn náà, ẹ di Menu àti bọ́tìnnì àárín mú pọ̀ fún bí ìṣẹ́jú-àáyá 6 sí 10, ẹ má yọwọ́ títí àmì Apple yóò fi yọ. Bó ti wù kí Rockbox gan tó, àṣẹ yìí kò gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá; ara ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló ń dá a lóhùn. A nílò rẹ̀ gan-an, torí bátìrì iPod kò ṣeé yọ bíi ti fóònù àtijọ́. Lórí Sansa Clip+, bọ́tìnnì tí a fi ń tan án ni ẹ ó dì mú, ó sì lè tó ìṣẹ́jú-àáyá 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó kú pátápátá. Ẹ wá tún un tàn. Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá ṣe èyí kò ní nílò ìyókù ọ̀rọ̀ yìí.

Bí kò bá dáhùn rárá, bátìrì ni ká kọ́kọ́ fura sí. Irú bátìrì lithium tó wà nínú wọn máa ń wà ní fóòtì 4.2 nígbà tó bá kún. Bó bá ti lọ sílẹ̀ sí nǹkan bíi fóòtì 3, iná kò ní tó nǹkan kan ṣe mọ́. Ẹ̀rọ tó ti wà nínú dúrọ́ọ̀ fún ọdún kan tàbí méjì lè lọ sílẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, bátìrì tó bá sì ti wálẹ̀ tó báyìí kì í gba iná kíkún lẹ́ẹ̀kan náà. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń bu fún un kó tó lè gba tó bó ṣe yẹ. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ fi sórí ṣáàjà tó ń ti ògiri gba iná, kí ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí mélòó kan láìfọwọ́ kàn án. Ibi tí ẹ ti ń gba iná ṣe pàtàkì: ojú USB tí kò tíì bá ẹ̀rọ yín ṣe àdéhùn kò gbọdọ̀ fún un ju mílíámpù 100 lọ, lẹ́yìn àdéhùn ni USB àtijọ́ tó lè fún un ní 500. Ọgọ́rùn-ún yẹn kò tó nǹkan fún ẹ̀rọ tó ní dísíìkì tó ń yí.

Àmì kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ dunjú. Àmì Apple á yọ, ẹ ó gbọ́ tí dísíìkì ń bẹ̀rẹ̀ sí í yí, gbogbo rẹ̀ á kú lójijì, àmì náà á tún yọ, bẹ́ẹ̀ ni á máa ṣe léraléra. Ọ̀pọ̀ ń rò pé Rockbox ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Dísíìkì ni. Iná tó nílò nígbà tó bá ń bẹ̀rẹ̀ sí í yí ju èyí tó ń lò lẹ́yìn ìgbà yẹn lọ, bátìrì tó ti gbó kò sì lè gbé e. Bí iPod bá ń jí dáadáa nígbà tó bá wà lórí ṣáàjà, tó sì ń kú bí ẹ bá ti yọ okùn, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu nípa ètò. Bátìrì tuntun ni kí ẹ wá.

Bí ẹ bá rí i pé ẹ̀yìn iPod ti wú, tàbí tí ojú rẹ̀ ń gbéra kúrò lára fírémù, ẹ dáwọ́ dúró lójú ẹsẹ̀. Bátìrì ló wú. Ẹ má fi sórí iná mọ́, ẹ má tẹ̀ ẹ́ padà, ẹ má sì fi ohun ẹlẹ́nu ṣóńṣó tú u. Bátìrì lithium tí nǹkan bá gún lè gbiná lójijì. Gbígbé lọ fún ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀ ló tọ́. Kò sí orin tó tó kí ilé jó lé e lórí.

Bí iná bá wà, tí ojú ẹ̀rọ sì ń sọ nǹkan, iṣẹ́ ti rọrùn. Ẹ ka ohun tó kọ. Bó bá ní òun kò rí rockbox.ipod, ọwọ́ kìíní àti ìkejì ti ṣe tiwọn, ẹni kẹta ni kò sí nílé: fódà .rockbox ti sọnù tàbí kó bàjẹ́. Bó bá ní fáìlì náà kò pé, bẹ́ẹ̀ náà ni. Bó bá kọ PANIC tàbí Data abort, Rockbox ti gbéra, ó wá kọsẹ̀ lójú ọ̀nà, ọ̀pọ̀ ìgbà sì ni ohun tó mú un kọsẹ̀ wà nínú ọwọ́ kẹrin: àwọ̀ tí kò bá ẹ̀dà tuntun mu, tàbí àkójọ orúkọ orin tó ti dàrú. Bó bá jẹ́ àwòrán fódà tó ní àmì ìyanu lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni ẹ rí, ọwọ́ kìíní ló ń sọ pé òun kò rí ohun tó ṣeé gbé lórí dísíìkì.

Ilẹ̀kùn tó ń gbani nínú gbogbo èyí ni Disk Mode. Ẹ fi Menu àti bọ́tìnnì àárín tún ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀. Bí àmì Apple bá ti yọ, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ kíá, kí ẹ wá di bọ́tìnnì àárín àti Play mú. Lórí iPod ìran karùn-ún, ọwọ́ kìíní tó wà lórí bọ́ọ̀dù ló ń ṣe iṣẹ́ yìí, ìdí nìyẹn tó fi ń ṣiṣẹ́ kódà bí ohun gbogbo tó wà lórí dísíìkì bá ti dàrú. Ẹ fi okùn so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, á sì yọ bíi fíláàṣì ńlá. Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ ó ṣe níbẹ̀ ni pé kí ẹ da orin yín kọ sórí kọ̀ǹpútà. Kì í ṣe àtúnṣe lẹ ó kọ́kọ́ ṣe. Dísíìkì tó ń kú lè fún yín ní ààyè lẹ́ẹ̀kan péré.

Lẹ́yìn tí orin bá ti wà ní ìpamọ́, ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà yẹ dísíìkì náà wò. Windows ní chkdsk, Linux ní fsck. FAT32 ni Rockbox ń lò, FAT32 kò sì ní ìwé ìrántí tó fi ń mọ ibi tó bá iṣẹ́ dé bí wọ́n bá fa okùn yọ lójijì. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó gan ló jẹ́ pé ẹnì kan ló fa okùn yọ nígbà tí fáìlì ṣì ń wọlé. Ẹ̀yin tí ń lo Mac, ẹ rántí pé iPod tí ẹ fọ́ọ̀mátì lọ́nà ti Mac kò bá Rockbox mu. Ó gbọ́dọ̀ di FAT32 kí ẹ tó tẹ̀ síwájú.

Ẹ wá yí orúkọ fódà .rockbox padà sí rockbox-atijo. Ẹ má pa á rẹ́, torí àwọn ohun tí ẹ yàn wà nínú rẹ̀, ẹ sì lè fẹ́ mú díẹ̀ padà. Àmì tótó tó wà níwájú orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ kí Mac àti Linux fi í pamọ́, nítorí náà bí ẹ kò bá rí i, ẹ ní kí kọ̀ǹpútà fi àwọn fáìlì tó fara pamọ́ hàn. Ẹ gba Rockbox tó jẹ́ ti irú ẹ̀rọ yín gan-an: ti iPod ìran karùn-ún yàtọ̀ sí ti iPod Classic, bootloader kò sì ní gba èyí tí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹ tú u sórí iPod, ní ìta pátápátá, kì í ṣe nínú fódà mìíràn. Ẹ yọ ẹ̀rọ náà pẹ̀lú sùúrù, kí ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà sọ pé ó ti parí. Bó bá jẹ́ pé àkójọ orin nìkan lẹ fura sí, ẹ kò ní láti ṣe gbogbo èyí. Ẹ wọ inú .rockbox, kí ẹ pa àwọn fáìlì tí orúkọ wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú database_ tó sì parí sí .tcd rẹ́. Rockbox á tún un kọ fúnra rẹ̀. Bó bá sì jẹ́ ètò tí ẹ yàn ló fa wàhálà, config.cfg ni ẹ ó yọ kúrò.

Ìdánwò kan wà tí mo fẹ́ràn ju gbogbo àwọn tó kù lọ, torí ó ń dá ẹ̀bi sí ibi tó yẹ. Ètò Apple ṣì wà nínú iPod yín. Bí ẹ bá ti tan án tí iná rẹ̀ mọ́, ẹ ti Hold lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ètò Apple ni yóò gbéra dípò Rockbox. Lórí Sansa Clip+, bọ́tìnnì apá òsì ni ẹ ó dì mú bí ẹ ṣe ń tan án. Bí ti ilé-iṣẹ́ bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa, tó ń kọ orin, ara ẹ̀rọ le, inú fódà Rockbox ni àìsàn wà. Bí méjèèjì bá ń kú síbì kan náà, ẹ má tún fi àkókò ṣòfò lórí ètò. Sansa tiẹ̀ ní ohun kan sí i: ẹ yọ mẹ́mórì káàdì rẹ̀ kí ẹ tó tàn án. Káàdì kan tó bàjẹ́ tó láti dá gbogbo rẹ̀ dúró.

Dísíìkì tó ń kú ní ìwà tirẹ̀. Rockbox kì í jẹ́ kí dísíìkì máa yí ní gbogbo ìgbà; á ka orin sínú mẹ́mórì inú, èyí tó jẹ́ mégábáìtì 32 lórí iPod 30 gígábáìtì, á sì jẹ́ kí dísíìkì sùn kí bátìrì lè pẹ́. Nítorí náà, orin lè máa lọ geere lórí dísíìkì tó ti kú tán, kó wá dúró lójijì nígbà tí mẹ́mórì bá tán tí wọ́n sì fẹ́ ka òmíràn. Bí ẹ bá rí i pé ó ń gan lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan ní gbogbo ìgbà, ẹ gbé e sí etí. Bí ẹ bá gbọ́ ká-ká-ká tí kò dáwọ́ dúró, dísíìkì ń wá ohun tí kò rí mọ́. Òun kò ṣeé jí. Pípààrọ̀ ló kù, mẹ́mórì káàdì tó ní àdápítà tirẹ̀ sì sàn ju dísíìkì àtijọ́ mìíràn lọ, torí kò ní ohun tó ń yí, kì í sì gba iná púpọ̀.

iPod Classic, tó jáde lẹ́yìn ìran karùn-ún, ní ìdẹkùn kan tó ti ba ọ̀pọ̀ lọ́kàn jẹ́. Bí ẹ bá di Menu àti bọ́tìnnì àárín mú pẹ́ jù, bí ìṣẹ́jú-àáyá 12, á wọ ipò kan tí wọ́n ń pè ní DFU, ojú rẹ̀ á sì dúdú pátápátá. Ó dà bí òkú, àmọ́ kọ̀ǹpútà tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń rí i dáadáa. Ipò yẹn gan-an ni a fi ń gbé Rockbox sínú Classic. Ẹ tún di bọ́tìnnì méjèèjì mú, kí ẹ yọwọ́ bí àmì Apple bá ti yọ.

Ní ti ẹni tí kò ríran, mo fẹ́ kí àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gbọ́ èyí. Nígbà tí ẹ̀rọ bá gan, ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ tó wà lójú rẹ̀ kì í ka ara rẹ̀ jáde, torí ohùn Rockbox kò tíì gbéra nígbà yẹn, tàbí kó ti dákú. Ẹ kọ́ ọ bí a ṣe ń fọwọ́ wá Hold, Menu àti bọ́tìnnì àárín, kí ó lè tún un bẹ̀rẹ̀ láìwá ẹnikẹ́ni. Rockbox sì gbà kí a fi ohùn tí a gbà sílẹ̀ fúnra wa dá orúkọ fódà kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tàbí àbúrò lè fi Yorùbá sọ orúkọ fódà fún màmá tàbí bàbá tí ojú rẹ̀ kò ríran mọ́. Àwọn fáìlì ohùn yẹn kò sí níbòmíràn láyé ju inú ẹ̀rọ yẹn lọ. Bí wọ́n bá sọnù, kò sí ibi tí a ti máa tún wọn gbà.

Nítorí náà, ẹ má dúró de ọjọ́ tí yóò gan. Ẹ da fódà .rockbox yín àti gbogbo orin yín kọ sórí kọ̀ǹpútà lónìí, nígbà tí ẹ̀rọ náà ṣì ń kọrin, kí ẹ sì má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú ìdè rẹ̀ kí ẹ tó gbìyànjú Hold, bọ́tìnnì méjì, àti wákàtí mélòó kan lórí ṣáàjà.